Kànga Tí Mo Fi Àgádágodo Tì

Nígbà kan, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ ọgbà wa kò ní mọ̀ pé kànga wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ilé ló wà, láàárín ilé ìdáná àti yàrá àwọn ayálégbé. Àlejò yóò rò pé ibi tí a ń jókòó sí gba atẹ́gùn ni, nítorí pé mo fi kọnkéré dé e pa, mo sì fi ilẹ̀kùn irin kékeré kan sí àárín kọnkéré náà, mo wá fi àgádágodo tì í. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lára ìgbànú mi. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń bá mi lọ. Ìyàwó mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí olè bá wọlé, n ó jẹ́ kó gbé tẹlifíṣọ̀n, n ó jẹ́ kó kó gbogbo aṣọ wa lọ, ṣùgbọ́n orí kọ́kọ́rọ́ kànga ni n ó kú sí.

Mi ò kì í rẹ́rìn-ín tó bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo ti kú sínú kànga yẹn lẹ́ẹ̀kan rí. Wọ́n kàn fà mí jáde ni.

Èmi àti àbúrò mi la jọ ra ilẹ̀ náà, nígbà tí ọ̀nà ibẹ̀ ṣì jẹ́ ọ̀nà oko. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun la ti wá. Mo rí iṣẹ́ ní Sango, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ike, òun náà rí tirẹ̀ ní ilé iṣẹ́ irin. Omi ìjọba kì í dé ọ̀dọ̀ wa. Kí ènìyàn tó kọ́ ilé ní àdúgbò wa, kànga ló máa kọ́kọ́ gbẹ́, torí pé omi rẹ̀ ló máa fi po sìmẹ́ńtì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá mú, tí omi lọ sísàlẹ̀, àwọn ọkùnrin ilé ló ń wọ inú kànga lọ kó ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀ kúrò kí omi lè tún sun. A kì í pe agbẹ́kànga fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá pè é, wọn á máa bi ara wọn lẹ́yìn rẹ̀ pé, "Ṣé kò sí ọkùnrin nílé yẹn ni, tí àjèjì fi ń bá wọn wo ìdí kànga wọn?"

Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, a máa ń so àtùpà mọ́ okùn, a ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi dé ìdí kànga. Bí àtùpà bá kú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò dára, kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé. Bí kò bá kú, ó yá. Bàbá wa ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀, bàbá tirẹ̀ ló sì kọ́ òun náà. Mi ò mọ ẹnikẹ́ni tó ń jiyàn rẹ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, omi díẹ̀ ṣẹ́kù nísàlẹ̀ tí kò jẹ́ ká lè kó ẹrẹ̀. A yá ẹ̀rọ ìfami kan tó ń lo bẹntiróòlù. Kànga náà jìn ju ohun tí ẹ̀rọ lè fà láti òkè, nítorí náà a tẹ́ pákó sára ríǹgì inú kànga, a tan ẹ̀rọ náà, a sì fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sórí pákó yẹn. Ó fa omi títí bẹntiróòlù inú rẹ̀ fi tán, ó bá kú. A sọ àtùpà kalẹ̀. Gbogbo wa yọjú wò ó. Kò kú. Iná rẹ̀ mọ́, ó sì dúró ṣinṣin.

Àbúrò mi bọ́ ẹ̀wù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ di okùn mú dáadáa o. Ẹ má máa ro ti oúnjẹ."

Mo gbọ́ orin tó ń fi imú kọ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà, mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mo pè é, mo tún pè é. Okùn tó fi ọwọ́ dì mú dẹ̀ lọ́wọ́ mi. Àwọn aládùúgbò ní kí n dúró, mi ò dúró. Wọ́n sáré so okùn mìíràn mọ́ mi ní àyà. Ohun tí mo rántí ni pé ríǹgì náà tutù lẹ́sẹ̀ mi, àti pé mo rí àtùpà nísàlẹ̀ tó ń jó, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tàn sí ẹ̀yìn àbúrò mi níbi tó dojú bolẹ̀ sí. Orí mi bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ẹsẹ̀ mi kò jẹ́ tèmi mọ́. Ohun tí mo tún rí lẹ́yìn ìyẹn ni àjà ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì kan ló là á yé mi. Ó ní èéfín ẹ̀rọ yẹn ní májèlé kan nínú tí kò ní òórùn, tí ojú kò lè rí. Ó ní májèlé náà kì í pa iná, ènìyàn ló ń pa. Mo ní, "Ṣùgbọ́n àtùpà ò kú." Ó wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò lè kú." Ó tún aṣọ ìbora mi ṣe, ó sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ yẹn fún ẹnikẹ́ni nílé. Àwọn ènìyàn ní kànga ló gba àbúrò mi, àwọn mìíràn ní orí rẹ̀ ni. Mo jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Bí mo bá ti fẹ́ la ẹnu, iná àtùpà yẹn ni mò ń rí, bó ṣe ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ẹ̀yìn rẹ̀. A gbé òkú rẹ̀ lọ sílé. Nígbà tí mo padà, mo fi kọnkéré dé kànga, mo ra ẹ̀rọ ìfami oníná tí wọ́n ń sọ̀ sínú omi, páìpù sì ń gbé omi lọ sí táǹkì lórí ìdúró rẹ̀. Láti ìgbà náà, bí kì í bá ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́, ilẹ̀kùn irin yẹn kì í ṣí. Bí ó bá sì bàjẹ́, ẹni tó wá tún un ṣe ló ń wo inú kànga. Èmi á yíjú sí ògiri.

Ọmọ mi ọkùnrin kéré nígbà yẹn. Ó ti tó bí àbúrò mi ṣe tó báyìí. Ó ní èjìká rẹ̀, ó ní ìrìn rẹ̀, ó sì ń fi imú kọrin bíi tirẹ̀. Iṣẹ́ wẹ́dà ló ń ṣe ní Ìyànà Ìyẹsí. Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, nígbà tí omi kò tó mọ́, ó nawọ́ sí mi, ó ní, "Dádì, ẹ fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ jẹ́ n wọlé lọ kó ẹrẹ̀ yẹn. Àwa nìkan la ò kó tiwa ní gbogbo àdúgbò yìí."

Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé. Mo ní mo ti sọ pé rárá. Òjò ló gbà mí lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún yẹn, ó tètè dé. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, ohun kan ṣoṣo ni mo ń bẹ Ọlọ́run fún: kí omi kànga yẹn má tán, kí ọmọ mi má baà rí ìdí kankan tí yóò fi wọ ibẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e wá burú. Gbogbo kànga àdúgbò ń lọ sísàlẹ̀. Àwọn kan ní àwọn tó gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tó jìn ló ń fa omi wa lọ, àwọn kan ní ilé tí wọ́n ti ń ṣe omi inú ọ̀rá ni. Ìjà fẹ́ bẹ́ sílẹ̀. Alága ẹgbẹ́ onílé, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, pe ìpàdé sí iwájú ilé rẹ̀.

Ó ní, "Abẹ́ ilẹ̀ ò ní ògiri. Omi kan náà ni gbogbo wa ń fà. Kí kálukú fi mítà sórí kànga rẹ̀, ká lè mọ iye omi tí ilé kọ̀ọ̀kan ń fà."

Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ọmọ Ọ̀tà gan-an dìde. "Mítà lórí kànga tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́? Ẹ ti fi mítà síná, iná sá lọ. Ẹ tún fẹ́ fi sí omi kí òun náà lè sá?"

Ẹnì kan ní, "Ẹ fara balẹ̀, Ìyá. Imú wa ló kàn. Èémí ni wọ́n máa kà lọ́dún tó ń bọ̀."

"Tìẹ máa yí já ni," aládùúgbò rẹ̀ dá a lóhùn, "pẹ̀lú bó o ṣe ń han-an-run. Ìyàwó rẹ ló máa bá ẹ sanwó ẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní, "Láyé tiwa, okùn ni mítà. Tó o bá ti ń fi okùn kún okùn, o ti mọ ibi tí omi dé." Èmi náà gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ kó kọjá. Okùn ìfami kò sí nílé wa mọ́. Ìdérí kọnkéré ló wà níbẹ̀.

Èmi ni mo kọ́kọ́ nawọ́ pé mo fara mọ́ mítà. Ó ya ìyàwó mi lẹ́nu, torí pé èmi kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Kò mọ ohun tí mo rí níbẹ̀. Mo rò ó pé bí mo bá mọ iye omi tí a ń fà, mo lè mọ ibi tí mo ti máa ní ó tó. Bí a bá sì ń dúró lójoojúmọ́ kí omi tó tán, kànga á máa sun padà, ẹnikẹ́ni kò ní máa sọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ìdí rẹ̀.

Wọ́n de mítà náà mọ́ páìpù tó ń lọ sí táǹkì. Ohun kékeré ni, ó rí roboto, ó ní gíláàsì lójú. Nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, ọwọ́ pupa kékeré kan sì wà tó máa ń yí bí omi bá ti ń kọjá. Mo yan ibi tí nọ́ńbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín ọjọ́ kan. Àárọ̀ ni mò ń tan ẹ̀rọ. N ó gbé àpótí síwájú mítà, n ó jókòó, n ó máa wò ó. Bó bá ti dé ibi tí mo yàn, n ó pa á, ó di ọ̀la. Inú mi máa ń balẹ̀ níbẹ̀. Kò sí ohun mìíràn nínú ilé yẹn tó ń fún mi ní irú ìfọ̀kànbalẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ilé wa wá di ilé ṣíṣọ́ omi. Omi tí a fi ṣan aṣọ la fi ń da ilé ìgbẹ́. Omi tí a fi fọ ìrẹsì, ìdí ewébẹ̀ ló ń lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń wẹ̀ tí mo gbọ́ pé ó ń da omi sára láìdúró, n ó kan ilẹ̀kùn. Ìyàwó mi ní, "Kò burú, ẹ máa wá wò wá nínú balùwẹ̀."

Ayálégbé wa kan jẹ́ alágbàfọ̀, Mùsùlùmí láti Ọ̀yọ́, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa. Nígbà tí mítà dé, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má fi omi ilé fọ aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ́, ó sì gbà. Ó ń fi kẹ̀kẹ́ ẹrù kó aṣọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ta omi. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo rí i pé nọ́ńbà ń tètè dé ibi tí mo yàn. Ó ti ń dé ibẹ̀ kí n tó mu tíì mi tán. Táǹkì kò sì kún. Bí omi púpọ̀ bá gba inú mítà kọjá tí táǹkì kò kún, a jẹ́ pé ẹnì kan ń gbọ́n ọ́n lọ bó ṣe ń wọlé. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn.

Mo pè é síta. "Alágbàfọ̀, omi ń lọ o."

"Níbo ló ń lọ, Bàbá?"

"Ìwọ ni mò ń bi."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Wàláhì, n kì í fi omi yín fọ aṣọ ẹnikẹ́ni. Àlùwàlá ni mò ń ṣe, búútà kan náà ni mo sì ń lò. Bóyá kí ẹ fi mítà sí ẹnu búútà náà."

"Mítà kì í parọ́," mo ní.

"Èmi ni mò ń pa á nígbà náà."

Ìyàwó rẹ̀ dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn, ó fi ọwọ́ sẹ́yìn. Ìyàwó tèmi fà mí wọlé, ó ní, "Ohun tí kò lẹ́nu lẹ sọ di ẹlẹ́rìí yẹn. Kí ló dé tí ẹ fi ń wo ọmọ ọlọ́mọ bí olè?" Mi ò lè sọ fún un pé ohun tí mò ń wò kì í ṣe alágbàfọ̀. Ọmọ mi ni mò ń wò. Lójú mi, gbogbo bọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá jáde lọ́nà àìtọ́ ń fà á sún mọ́ ẹnu kànga.

Wọn ò dúró kí n lé wọn. Wọ́n kó ẹrù lọ sí ọ̀nà Àtàn. Ìyàwó rẹ̀ fọ ilẹ̀ yàrá méjèèjì mọ́ kó tó lọ, omi tí ó rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà ló fi fọ̀ ọ́. Ọkọ rẹ̀ kúnlẹ̀ díẹ̀, ó kí mi. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi yín gbẹ."

Mo ṣe àmín. Àdúrà yẹn wúwo lára mi ju èpè lọ.

Ní àárọ̀ tó tẹ̀lé e, mo jókòó síwájú mítà. Ọwọ́ pupa yí wìrìwìrì. Ó dé ibi tí mo yàn bó ṣe máa ń dé e, ó tiẹ̀ tún yára sí i. Ìyàwó mi gbé ìgbálẹ̀ dání, ó dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Alágbàfọ̀ ti lọ o. Ta ló wá ń fọ aṣọ?"

Ọmọ mi lu ara táǹkì. Ó dún bí ohun tó ṣófo. "Dádì, ẹ ṣí ilẹ̀kùn yìí, ká fi okùn wọn omi."

"Mítà ní omi ń wọlé."

"Níbo ló ń wọ̀? Inú yín ni?"

"Máa fi ọ̀wọ̀ bá mi sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe mítà ni Mọ́mì máa sè. Ẹ jẹ́ n ṣí i."

Mi ò jẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí ilẹ̀kùn yẹn bá ṣí níṣojú ọmọ mi, kò ní ṣeé tì mọ́. Mo yan láti gba mítà gbọ́. Ènìyàn tí ẹ̀rù bá bà, ohun tó bá fún un ní ìfọ̀kànbalẹ̀ ló máa ń gbà gbọ́.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, a ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ nígbà tí fóònù mi dún. Ìyàwó mi ni. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ nílé. Ọmọ yín ti fi ẹ̀rọ ìgérin rẹ̀ gé àgádágodo. Ẹ̀rọ ti ń fa ìyókù omi láti àárọ̀, wọ́n ní wọ́n fẹ́ kó ẹrẹ̀."

"Ẹ̀rọ wo?"

"Ẹ̀rọ tó yá. Iná ò sí. Èyí tó ń lo bẹntiróòlù ni, inú kànga ló wà."

Oúnjẹ dà nù lọ́wọ́ mi. "Má jẹ́ kó wọlé!"

"Mo ti ń bẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé èmi ló máa gbé e ni?"

Mi ò rántí ohun tí mo sọ fún ọ̀gá wa. Mo gun ọ̀kadà láti Sango, mo sì ń lu ọlọ́kadà náà léjìká bíi pé ẹṣin ló jẹ́. Ó ní, "Bàbá, tí ẹ bá tún lù mí, ẹ máa sọ̀ kalẹ̀." Ọkọ̀ ńlá àwọn ilé iṣẹ́ dí ọ̀nà. A gba ẹ̀gbẹ́ títì, a gba inú kòtò. Ohun tí mò ń gbọ́ létí mi ni orin tí àbúrò mi fi imú kọ.

Nígbà tí mo wọ ọgbà, ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ọmọ mi jókòó sí ẹnu kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nínú, okùn sì wà ní ìbàdí rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì láti ilé tó kángun sí tiwa di okùn náà mú. Ó rí mi. Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n máa bá òun wí, ó sì nawọ́ sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Dádì. Ẹ wá wò ó fúnra yín. A ti sọ àbẹ́là kalẹ̀. Kò kú."

Mo wo inú kànga náà. Láti ìgbà tí wọ́n ti fà mí jáde níbẹ̀, mi ò tíì wo inú rẹ̀ rí. Àbẹ́là wà nísàlẹ̀ nínú agolo, ó ń jó. Iná rẹ̀ mọ́, ó sì dúró ṣinṣin.

Mo di èjìká ọmọ mi mú, mo sì dùbúlẹ̀ lé ẹnu kànga lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tó di okùn mú ní, "Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọkùnrin ni." Ìkejì rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ́ kó di àtìpa. Ẹ̀rù ihò lásán."

Ọmọ mi ń tì mí. "Dádì, ẹ dìde. Ẹ̀ ń dójú tì mí."

Ìgbà náà ni mo tó sọ ọ́ síta. Mo ní, "Àtùpà tiwa náà ò kú."

"Kí lẹ wí?"

"Àtùpà tí èmi àti bàbá rẹ kékeré sọ̀ kalẹ̀. Kò kú. Ó ń jó nígbà tó ń wọlé. Ó ń jó nígbà tó ṣubú. Mo rí i tó ń jó lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Èéfín ẹ̀rọ yẹn ló pa á. Èéfín yẹn kì í pa iná."

Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ mi wo àbẹ́là, ó wò mí, ó tún wo àbẹ́là. Ó wá rọra fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde lábẹ́ mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Okùn ṣì wà ní ìbàdí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló bá a tú u. Ẹnikẹ́ni kò fa àbẹ́là sókè. Ó jó títí ó fi tán.

Nígbà tó yá, ọmọ mi lọ tú mítà kúrò lára páìpù. Mo rò pé ó fẹ́ fọ́ ọ ni. Ó gbé e sí ẹnu, ó fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀. Ọwọ́ pupa yí wìrìwìrì. Nọ́ńbà sún. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́.

Afẹ́fẹ́ ni. Omi ti lọ sísàlẹ̀ ju ẹnu ẹ̀rọ lọ láti ìgbà pípẹ́, omi díẹ̀ àti afẹ́fẹ́ púpọ̀ la sì ń fà. Mítà náà sì ń kà á, torí pé kò mọ̀yàtọ̀. Èmi náà kò mọ̀yàtọ̀. Mo jókòó lórí àpótí, mo fi mítà náà sórí itan, mo sì ń gbọ́ ohùn alágbàfọ̀ létí mi: kí Ọlọ́run má jẹ́ kí omi yín gbẹ. Ó ti gbẹ nígbà tó ń gba àdúrà yẹn.

Mo ní kí wọ́n bá mi gbé yẹ̀pẹ̀ wá. Alága wá bá mi, ó ní, "Ẹ ṣe sùúrù, òjò ń bọ̀, kànga á sun." Mo ní mo mọ̀ pé á sun. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn náà á tún padà wá. Ó wo ojú mi, ó sì padà sílé rẹ̀. A di kànga náà títí yẹ̀pẹ̀ fi kún dé ẹnu. Àwọn ayálégbé tó kù kó lọ lẹ́yìn ìyẹn. Ta ló máa gbé ilé tí kò lómi?

Mo wá alágbàfọ̀ lọ sí Àtàn. Ìyàwó rẹ̀ gbé ìjókòó fún mi, ó sì bu omi wá nínú ife kí n tó sọ ohun tí mo bá wá. Ife náà kún dẹ́múdẹ́mú. Mo sọ ọ̀rọ̀ mítà fún wọn bó ṣe rí. Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

"Afẹ́fẹ́ lẹ fi lé mi jáde, Bàbá."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí nǹkan, ó ti tán. Ó wo ife tó wà lọ́wọ́ mi. "Ẹ mu omi yín."

Mo mu díẹ̀. Mi ò lè mu ún tán, mi ò sì mọ ibi tí n ó da ìyókù sí.

A ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́ruwà báyìí. Bí mẹ́ruwà kò bá wá, ọmọ mi ló ń lọ pọn ọ́n nínú kẹ́ẹ̀gì, ó jìnnà díẹ̀. Kì í bá mi ṣeré bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí pé mo dójú tì í níwájú àwọn aládùúgbò ni, tàbí nítorí pé mo fi ọ̀rọ̀ àtùpà pa mọ́ fún un títí ó fi kù díẹ̀ kó wọ inú kànga. Mi ò bi í. Kì í fi imú kọrin mọ́ nínú ilé.

Ẹ̀rù náà kò lọ. Mo rò pé yẹ̀pẹ̀ á bò ó mọ́lẹ̀, kò ṣe bẹ́ẹ̀. Bí mo bá wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ mi lọ pọnmi, mi ò lè ṣe nǹkan kan. N ó jókòó sórí kọnkéré yẹn, n ó sì máa gbọ́. Bó bá pẹ́ jù, n ó dìde lọ sí ẹnu ọ̀nà, n ó tún padà. Lẹ́yìn náà n ó gbọ́ bó ṣe sọ kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀ ní ẹ̀yìn ilé, n ó sì gbọ́ omi tó ń dà sínú dúrọ́ọ̀mù. Ìyàwó mi á ké sí mi láti ilé ìdáná pé, "Ó ti dé o." N ó ní mo ti gbọ́.